Àbọ̀ ọ̀rọ̀ èbu yàrá wa ní Ṣàgámù: ó ti yanjú

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àdúrótì. Nígbà òjò ni mo bi yín nípa àbàwọ́n dúdú tó ń tàn lẹ́yìn wọ́dúróòbù yàrá àwọn ọmọ, tó ń rùn bí aṣọ tí a ká láìgbẹ. Èbu ni lóòótọ́. Páìpù balùwẹ̀ tó gba inú ògiri yẹn ló ń jò díẹ̀díẹ̀. Púlọ́ńbà ti pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tó ní ká má tíì kun ọ̀dà, ẹ ṣeun gan-an. Bí ọ̀rinrin bá ṣì wà, èbu á tún hù gba inú ọ̀dà jáde ni.

Ìyẹ̀fun funfun ìsàlẹ̀ ògiri kì í ṣe èbu rárá o. A wọ́n omi sí i, ó yọ́: iyọ̀ inú bíríkì àti sìmẹ́ǹtì ni, tí omi ilẹ̀ fà jáde. Ẹ dán an wò kí ẹ tó náwó.

Ọṣẹ, omi àti búrọ́ọ̀ṣì la fi fọ ògiri, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti ìbòmú, fèrèsé ní ṣíṣí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá fẹ́ lo bílíìsì kò gbọdọ̀ pò ó mọ́ fínígà tàbí ohun ìfọlé tó ní ammonia, kẹ́míkà olóòórùn líle kan. Èéfín olóró ló ń jáde. Síìlì òkè yàrá tó ti rọ̀ la yọ dànù, èbu ti wọ inú rẹ̀. Ọmọ wa tó ní ásímà, yàrá ìyá àgbà ló ń sùn títí ògiri fi gbẹ.

A ti fa wọ́dúróòbù kúrò lára ògiri kí afẹ́fẹ́ lè gba ẹ̀yìn rẹ̀. Kò sí òórùn mọ́. Mo fi èyí pa ọ̀rọ̀ náà dé.