Iléeṣẹ́ tó gbẹ́ bọ́hóòlù fún ìlú yín, kí ló tún gbẹ́? Ẹ wá sọ tiyín

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ. Lánàá ni mo rí àwòrán iléeṣẹ́ kan tó kó àga wá fún iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan nítòsí wa. Gbogbo ọ̀gá wọn dé fìlà, eyín wọn funfun. Bẹ́ẹ̀, àbúrò mi ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kò tíì gba owó oṣù méjì. Ni mo bá ní kí n bi yín: àwọn iléeṣẹ́ tó wà lágbègbè yín, oore wo ni wọ́n ṣe yín, ìkà wo ni wọ́n ṣe yín? Ohun tójú yín rí ni kí ẹ sọ, kì í ṣe èyí tí ẹ gbọ́ lẹ́nu ọlọ́kadà. Ẹ má dárúkọ ẹnikẹ́ni, mi ò lówó lọ́yà.

Jagun Ìpẹ́rù
Owó oṣù méjì? Ẹ ní kó lọ jókòó sórí ọ̀kan nínú àwọn àga náà kó máa dúró dè é.

Ìyá Ìbejì Ṣágámù
Tèmi gùn díẹ̀, ẹ fara dà á. Ilé bàbá ọkọ mi kò jìnnà sí iléeṣẹ́ kan tó ń yọ́ irin àlòkù. Nígbà tí mo kọ́kọ́ wọlé ọkọ, à ń sá aṣọ síta. Báyìí, tó o bá sá aṣọ funfun, wàá tún un fọ̀ ni, eruku dúdú á ti bà lé e. A gbé ìyẹn mì. Kànga wa ló wá di wàhálà. Kí wọ́n tó bí ọkọ mi ni kànga yẹn ti wà, gbogbo àdúgbò ló ń pọnmi níbẹ̀. Ṣàdédé ni omi rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bí ìṣó tó dípẹtà. Àwọn àgbà lọ bá wọn. Wọ́n ní kì í ṣe àwọn, wọ́n ní bóyá ṣaláńgá wa ló ń jò sí i. Ṣaláńgá wa wà nísàlẹ̀, kànga wà lókè. Omi wo ló ń gun òkè?

Nígbà tó di oṣù kẹta, wọ́n kó kánópì dé, onílù, ẹni tó ń di máíkì mú, wọ́n ní àwọn wá ṣí bọ́hóòlù. Orúkọ iléeṣẹ́ wọn lára táńkì yẹn, afọ́jú á fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i kà. Wọ́n gbé ìwé fún baálẹ̀ pé kó fọwọ́ sí i pé ìlú dúpẹ́. Baálẹ̀ fọwọ́ sí i, àgbà márùn-ún tẹ̀ka. Ìsàlẹ̀ ìwé yẹn ni wọ́n kọ ọ́ sí pé àdúgbò kò ní ẹjọ́ kankan bá iléeṣẹ́ rò mọ́ lórí ọ̀rọ̀ omi. Èmi tí mo lè kàwé ńkọ́? Mo wà nílé ìdáná, mò ń se ìkọ́kọrẹ́ fún àlejò.

Oṣù mẹ́jọ ni omi yẹn fi yọ. Ẹ̀rọ tó ń fà á jóná, a lọ sọ fún wọn, wọ́n ní àwọn ti fà á lé ìlú lọ́wọ́. Lọ́dọ̀ ọmọlanke ni mo ti ń ra omi títí dòní.

Tísà Fẹ̀yìntì
Ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n jẹ ìkọ́kọrẹ́ náà?

Ìyá Ìbejì Ṣágámù
Wọ́n jẹ ẹ́ tán, bàbá. Wọ́n tún bèèrè ẹja.

Jagun Ìpẹ́rù
Ẹja! 😂 Mi ò lè sùn lónìí.

Kọ́lá Òde
Ẹ má bínú sí mi o, ṣùgbọ́n ta ló ta ilẹ̀ fún iléeṣẹ́? Ẹ̀yin ọmọ onílẹ̀ ni. Ẹ gbowó, ẹ fi ra ọkọ̀, ẹ gbéyàwó kejì. Nígbà tí èéfín dé, ẹ wá ń ké.

Ìyá Ìbejì Ṣágámù
Kọ́lá, ìdílé ọkọ mi kò ta ilẹ̀ kankan. Àwọn tó tà á ń gbé Èkó, èéfín kì í dé ọ̀dọ̀ wọn.

Kọ́lá Òde
Ó dáa, mo gba tiyín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mi ò tíì kú.

Alájọ Ògíjó
Omi tiyín ṣì sàn, màmá. Lọ́dọ̀ wa, bátìrì ọkọ̀ àlòkù ni wọ́n ń fọ́, wọ́n á yọ́ òjé inú rẹ̀, wọ́n á kó o lọ sókè òkun. Òru ni wọ́n máa ń tú èéfín rẹ̀ jáde jù. Lọ́dún 2025 ni àwọn oníròyìn jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àádọ́rin èèyàn wò ní Ògíjó. Nínú èèyàn mẹ́wàá, méje ni òjé ti pọ̀ lẹ́jẹ̀ wọn débi tó ń ṣeni léṣe. Ìjọba ti àwọn iléeṣẹ́ kan pa lọ́dún yẹn. Èmi ò sí lára àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù mi kọjú sí ọ̀kan nínú wọn fún ọdún méje, ọmọ mi ọkùnrin tó ń kẹ́kọ̀ọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kejì, inú ló máa ń rùn ún ṣáá, tísà rẹ̀ sì ní ohun tí òun bá kọ́ ọ lówùúrọ̀, tó bá fi máa di ọ̀sán, ó ti gbàgbé. Mi ò sọ pé òjé ni. Mo kàn ń sọ ohun tí mo rí.

Bọ̀dá Ṣẹ́gun
Ògíjó? Ṣé kì í ṣe Ìkòròdú nìyẹn? Ará Èkó ni yín o, ẹ má wá kó wàhálà yín wá bá Rẹ́mọ.

Alájọ Ògíjó
Ìjọba ìbílẹ̀ Ṣágámù la wà, Bọ̀dá. Rẹ́mọ ni wá.

Tísà Fẹ̀yìntì
Ìkòròdú fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ìtàn tí a bá nílẹ̀ ni pé ọmọ Ṣágámù ló tẹ̀ ẹ́ dó. Ṣẹ́gun, ta ni kó lọ sí Èkó nínú wa?

Bọ̀dá Ṣẹ́gun
Tísà, ẹ ti dé nìyẹn. Mo gba kámú.

Màmá Àgbà Ọ̀dẹ
Alájọ, ọmọ mi, rọ epo pupa fún un láràárọ̀. Epo ni kì í jẹ́ kí májèlé ríṣẹ́ ṣe.

Nọ́ọ̀sì Ìlíṣàn
Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ni o, epo kò lè lé òjé jáde. Egungun ni òjé ń sá pamọ́ sí, ọpọlọ ọmọdé ló sì ń bà jẹ́ jù. Kò sí ìwọ̀n kankan tí àjọ ìlera àgbáyé sọ pé kò léwu. Ẹ rántí Zamfara lọ́dún 2010: àwọn tó ń wa wúrà ń lọ òkúta tí òjé wà nínú rẹ̀ láàárín ilé, ọmọ tó kú lé ní irínwó. Alájọ, ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, ẹ sọ fún dókítà pé àyẹ̀wò òjé lẹ fẹ́, ẹ dárúkọ òjé fún un o, nítorí pé tí ẹ bá ní inú ń run ún lásán, oògùn aràn ni wọ́n máa fún un. Nílé, ẹ má gbálẹ̀ gbígbẹ, aṣọ tútù ni kí ẹ fi nu ilẹ̀. Ẹni tó bá ń bá wọn ṣiṣẹ́, kó bọ́ aṣọ iṣẹ́ síta kó tó gbé ọmọ.

Màmá Àgbà Ọ̀dẹ
Mo gbọ́, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n epo ò burú náà.

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́
Alájọ, a máa gbàdúrà. Ẹ padà wá sọ èsì fún wa.

Àgbẹ̀ Ìjẹ̀bú-Igbó
Àwọn tó ń fọ́ òkúta ni tiwa. Tí wọ́n bá yin àpáta lọ́sàn-án, ilẹ̀ á mì, àwo á já. Ṣàngó Ọ̀sán ni ìyá àgbà mi ń pè é. Ògiri ilé mẹ́rin ló ti sán nínú agbo ilé wa. Gbogbo oṣù Kejìlá wọ́n ń fún ìlú ní màlúù kan. Kan ṣoṣo. Ìpín agbo ilé wa lọ́dún tó kọjá, ìrù ni.

Lọ́yà Kékeré
Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ yín kọjá màlúù. Òfin ohun àlùmọ́ọ́nì ti ọdún 2007, apá 116, ní kí iléeṣẹ́ tó ń wa òkúta bá ìlú tó gbà á lálejò tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́: ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ọ̀nà, iṣẹ́ ọwọ́ fún ọ̀dọ́, irú ẹ̀. Ọdún márùn-ún márùn-ún ni wọ́n á máa tún un yẹ̀ wò. Ẹ bi àwọn àgbà ìlú yín pé níbo ni ìwé náà wà.

Àgbẹ̀ Ìjẹ̀bú-Igbó
Mo máa bi wọ́n. Ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tó ní típà mẹ́ta nínú wọn, tó ń gbé òkúta fún wọn.

Kọ́lá Òde
Ẹ ò rí i? Ọ̀rọ̀ mi tí mo ní kò tíì kú nìyẹn.

Abẹ́niayé
Lọ́dún 1996, Pfizer, iléeṣẹ́ apoògùn, dán oògùn wò lára àwọn ọmọ ní Kano, ọmọ mọ́kànlá kú. Ọdún 2009 ni wọ́n tó gbà láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là.

Jagun Ìpẹ́rù
Abẹ́niayé, ìrírí la ní kí ẹ sọ. Ṣé ẹ wà ní Kano nígbà yẹn?

Abẹ́niayé
Rárá o. Mo ní kẹ́ ẹ mọ̀ ni.

Oníṣẹ́ Ẹ̀rọ
Mi ò kì í kọ nǹkan síbí. Lọ́dún 2019, ẹ̀rọ iléeṣẹ́ tí mo ń bá ṣe kásúà gé ìka mi méjì. Ọ̀gá fún mi ní ₦50,000, ó ní kí n lọ sinmi. Nígbà tí mo padà, ẹlòmíràn ti wà nídìí ẹ̀rọ mi. Lọ́sẹ̀ yẹn náà ni wọ́n ń pín ìrẹsì fún àwọn opó, rédíò sì ń yìn wọ́n.

Lọ́yà Kékeré
Àbúrò, ẹ pẹ̀lẹ́. Òfin ọdún 2010 wà lórí èyí. Agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù òṣìṣẹ́ fún NSITF, àjọ ìjọba tó ń san owó fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, ibẹ̀ ni owó ìtọ́jú yín ì bá ti wá. Àárín ọdún kan ló yẹ kí ẹ ti bèèrè.

Oníṣẹ́ Ẹ̀rọ
Ta ló sọ fún mi nígbà yẹn?

Ọ̀gá Sùúrù
Gbogbo yín ń bú iléeṣẹ́. Tèmi san owó iléèwé ọmọ mi méjì dé yunifásítì, wọ́n tọ́jú ìyàwó mi nígbà iṣẹ́ abẹ. Kò sẹ́ni tó gbé máíkì wá.

Jagun Ìpẹ́rù
Ẹ̀ka wo lẹ wà níbẹ̀, ẹ̀ka ìpolongo?

Ọ̀gá Sùúrù
Dírẹ́bà ni mí. Ọdún mọ́kàndínlógún.

Jagun Ìpẹ́rù
Ẹ má bínú, sà. Ṣé wọ́n ń gba èèyàn?

Ọmọ Rẹ́mọ ní Mumbai
Ní Íńdíà níbí, òfin ọdún 2013 ní kí iléeṣẹ́ ńlá máa ná ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún èrè wọn fún àwùjọ. Ó yẹ ká ní irú ẹ̀.

Kọ́lá Òde
Ìdá méjì yẹn, ọwọ́ ta ni wọ́n máa kó o sí lọ́dọ̀ wa? Baálẹ̀ ìyá ìbejì tó ń fọwọ́ síwèé?

Ìyá Ìbejì Ṣágámù
Ẹ fi baálẹ̀ wa sílẹ̀, ó ti sùn. Mo kọjá níbi bọ́hóòlù yẹn láàárọ̀ yìí, wọ́n gun àkàbà, wọ́n ń fi ọ̀dà tuntun kun orúkọ iléeṣẹ́. Mo bi ọmọkùnrin tó ń kùn ún pé omi ńkọ́. Ó ní wọn ò rán òun ní ti omi.