Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ìtàn mi tó sọnù

Ẹ kú ìdúró. Ẹ rántí pé mo ké síta lọ́sẹ̀ tó kọjá: kọ̀ǹpútà gbé orí kẹsàn-án ìtàn mi mì, n kò sì mọ ìsọ̀rí tí ìtàn náà bọ́ sí fún ẹ̀bùn Hugo, ẹ̀bùn ọdọọdún fún ìtàn sáyẹ́ǹsì àti ìtàn onídán.

Ti ìsọ̀rí ti yanjú. Láti ọ̀rọ̀ 7,500 títí dé 17,500 ni wọ́n ń pè ní novelette. Láti ibẹ̀ dé 40,000 ni novella. 18,200 ni tèmi, novella ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí n má gé ọ̀rọ̀ 700 dànù kó lè di novelette, ẹ ṣeun o. Dírágónì inú ìtàn mi ì bá kú láìfọhùn. Ó tún yé mi pé òǹkọ̀wé kì í fi ìwé ránṣẹ́ fún Hugo rárá. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Worldcon, àpéjọ ọdọọdún àwọn olólùfẹ́ irú ìtàn bẹ́ẹ̀, ló ń dábàá, àwọn náà ló ń dìbò. Mo ti ń kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ lásán!

Orí kẹsàn-án kò padà. Òru mẹ́ta ni mo fi tún un kọ, tìbínú-tìbínú. Ti àkọ́kọ́ dùn jù ú lọ, ẹ má jiyàn.

Ìwé tẹ́ ẹ ní kí n fi tura ńkọ́? Mo ṣì wà nídìí máàpù iwájú rẹ̀. Ó di ìgbà kan ná.