Alágbàṣe ti di ọ̀wọ́n. Báwo ni wọ́n ṣe ń rí tiwọn nílùú òyìnbó?

ÌyáOnírẹsì: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Èkìtì. Oko ìrẹsì ni mo ń dá ní Ìgbẹmọ. Tẹ́lẹ̀, bí ìrẹsì bá ti ń gbó, àwọn ọmọkùnrin Ẹbira àtàwọn ará Benue á ti dé. Ní báyìí, ọ̀kadà ni wọ́n ń gùn l'Ádó, iye tí ìwọ̀nba tó kù sì ń pè kò ṣeé gbọ́ sétí. Èmi àgbàlagbà ni mò ń fi kànnàkànnà lé ẹyẹ! Ọmọ mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Leeds ní àwọn náà ò rí òṣìṣẹ́ tó. Kí wá ni ìjọba wọn ń ṣe sí i?

ỌmọÌkọ̀lé: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe níbí ní England. Oṣù kejì 2022 ni wọ́n fi iṣẹ́ wa kún èyí tí wọ́n ń torí ẹ̀ fúnni ní físà; tíṣà, òṣìṣẹ́ báńkì, gbogbo wa ya wọlé. Nígbà tó di March 11, 2024, wọ́n ní ẹni tó ń bọ̀ ò gbọdọ̀ mú ìyàwó tàbí ọmọ dání mọ́. July 22, 2025, wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ àwọn tó ṣì wà nílé. Àwọn arúgbó ò sì dínkù o. Ìbò ni wọ́n ń wò.

TíṣàÌjerò: Ẹ wo Japan tí kì í fẹ́ àlejò. Àwọn obìnrin ni Shinzo Abe, olórí ìjọba wọn nígbà náà, kọ́kọ́ ń rọ̀ láti 2013 pé kí wọ́n jáde síṣẹ́. April 2019 ni físà tuntun fáwọn òṣìṣẹ́ àlejò bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ oko wà nínú ẹ̀. Ní October ọdún yẹn, jẹ́léósinmi di ọ̀fẹ́ fọ́mọ ọdún 3 sí 5. Àwọn obìnrin jáde lóòótọ́, àmọ́ iṣẹ́ wákàtí díẹ̀, owó táṣẹ́rẹ́ ni ọ̀pọ̀ wọn rí. Ní Jámánì, láti August 2013, ọmọ tó bá ti pé ọdún kan lẹ́tọ̀ọ́ sí ààyè ní krẹ́ẹ̀ṣì.

Olóko_Ìsẹ̀: Obìnrin Èkìtì wo ló jókòó sílé? Ta ló ń ru kòkó? Ẹ ra ẹ̀rọ tó ń gé ìrẹsì, mà.

ÌyáOnírẹsì: Ẹ̀rọ wo? Nínú àbàtà wa? Ọ̀rọ̀ krẹ́ẹ̀ṣì yẹn ló wọ̀ mí létí. Àwọn ìyàwó tó ń bá mi bọ ìrẹsì, ọmọ lẹ́yìn, iná níwájú. Méjì ti tìtorí ọmọ fiṣẹ́ sílẹ̀. Màmá kan wà ládùúgbò tí kò lè lọ sóko mọ́. Bí mo bá ń fún màmá yẹn ní kóńgò ìrẹsì kan lọ́sẹ̀ kí wọ́n máa bá wa mójú tó àwọn ọmọ, ṣé ó tó?

TíṣàÌjerò: Ọmọ mélòó ni, mà? Bó bá ti ju mẹ́ta lọ, ẹ ṣe é ní méjì.