Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ra ojúlówó iṣẹ́ ọnà, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Olùbéèrè:
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará. Ó ti pẹ́ tí àwòrán ara ògiri àwọn ẹlòmíràn ti ń wù mí, ṣùgbọ́n n kò tíì ra ẹyọ kan rí. Ní báyìí tí owó díẹ̀ ti ń ṣẹ́kù lóṣooṣù, mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Méjì ló wà níwájú mi, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo sì ti rí méjèèjì. Èkíní jẹ́ àwòrán odò ní ìrọ̀lẹ́, lórí kánfáàsì. Ẹni tó ń tà á ní ọwọ́ ni wọ́n fi kùn ún. Èkejì wà lórí ìwé, wọ́n fi pẹ́ńsù kọ 34/200 sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ìbuwọ́lù. Ọkùnrin tó ni èkejì kò jẹ́ kí n sinmi. Ó ní láàárín ọdún méjì owó rẹ̀ á ti di ìlọ́po méjì, ó ní àwọn mìíràn ti ń fi owó lọ òun, kí n yáa sanwó kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe lè mọ̀ pé ọwọ́ ló kun èkíní lóòótọ́? Kí ni 34/200 yẹn? Ṣé owó sì lè gun orí owó bí ọkùnrin yìí ṣe wí?

Onífíréèmù:
Ẹ káàbọ̀ o. Fíréèmù ni mo ń kàn jẹun, nítorí náà ẹ̀yìn àwòrán ni mo máa ń kọ́kọ́ wò kí n tó wo iwájú.

Ẹ ní kí wọ́n yí ti kánfáàsì yẹn padà fún yín. Ẹ̀yìn níbẹ̀ lẹ ti máa rí igi tí wọ́n na aṣọ mọ́, ìṣó tó dì í mú, bóyá orúkọ ayàwòrán àti ọdún, nígbà mìíràn àmì ibi àfihàn tó ti dé rí. Lẹ́yìn náà, ẹ wo etí rẹ̀. Ẹni tó bá ń fi búrọ́ọ̀ṣì kun nǹkan, ọ̀dà sábà máa ń ta sí etí, ó máa ń ṣàn, àmì ìka máa ń wà níbẹ̀. Ti ẹ̀rọ, lọ́pọ̀ ìgbà etí rẹ̀ á mọ́ tónítóní, tàbí kí àwòrán náà ká yí etí po geere láìsí àléébù kankan.

Àwọn kan wà tó gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n á fi ẹ̀rọ tẹ àwòrán sórí kánfáàsì, wọ́n á wá fi búrọ́ọ̀ṣì pa nǹkan kíki kan tó mọ́ gaara lé e lórí, kí ọwọ́ yín lè kan gọ́ńgọ́ nígbà tí ẹ bá fọwọ́ rà á. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́, kí ìmọ́lẹ̀ náà fi ara ra ojú àwòrán kọjá. Bó bá jẹ́ ọwọ́ ló kùn ún, ibi tí ọ̀dà ti ga tàbí tó ti jìn máa bá ibi tí àwọ̀ ti yí padà mu. Bó bá jẹ́ ohun tí wọ́n pa lé e ni, gọ́ńgọ́ á gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ, àwọ̀ á gba tirẹ̀. Ẹ tún mú awò tó ń sọ nǹkan di ńlá: bí ẹ bá rí àmì tó kéré bí orí abẹ́rẹ́ tí wọ́n tò jọ láti di àwọ̀, ẹ̀rọ ni.

Bí ẹ kò bá lè dé ibẹ̀, ẹ ní kí ó fi fídíò ránṣẹ́, kí ẹ̀yìn, etí àti ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́ yẹn hàn nínú rẹ̀. Ẹni tí ọjà rẹ̀ dára kì í bínú sí i.

Atẹ̀wòrán:
Ẹ̀gbọ́n Onífíréèmù ti sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí a ba àwòrán títẹ̀ lórúkọ jẹ́. Ẹni tó gbẹ́ igi tàbí tó fín irin, tó pa yíǹkì sí i, tó sì tẹ ìwé mọ́ ọn, iṣẹ́ ọnà ló ṣe. Bí àádọ́ta ẹ̀dà bá jáde lára igi yẹn, gbogbo wọn ni ojúlówó, kò sí ìyá wọn kan níbòmíràn.

34/200 ń sọ pé ti yín ni ẹ̀kẹrìnlélọ́gbọ̀n nínú igba. Àwọn kan ń wá 1/200 bíi pé ó dára jù, àmọ́ nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ló yẹ kí ẹ máa wò: iṣẹ́ tó jẹ́ igba kò ṣọ̀wọ́n tó èyí tó jẹ́ ogún. Bí ẹ bá sì rí A.P. dípò nọ́ńbà, ẹ̀dà tí oníṣẹ́ yà sọ́tọ̀ fún ara rẹ̀ ni. Ó sábà máa ń tó ìdá kan nínú mẹ́wàá iye àpapọ̀, òun náà sì wà lára ohun tó yẹ kí ẹ bèèrè.

Ìbéèrè tó máa tú u fó ni èyí: kí ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́? Bó bá ní igi, irin tàbí òkúta ni, ó dáa. Ẹ bèèrè bóyá wọ́n ti ba ojú igi náà jẹ́ kí ẹnikẹ́ni má baà tún fi tẹ òmíràn. Ti irin fínfín sábà máa ń fi àmì ìtẹ̀mọ́lẹ̀ sílẹ̀ yí ká inú ìwé, ẹ lè fi ìka kàn án. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé wọ́n ya àwòrán kan ní fọ́tò, tí wọ́n fi ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́nà igba, ẹ̀dà ni. Ó lè rẹwà, ẹ sì lè rà á, kó ṣáà má jẹ́ ní owó ojúlówó. Ìbuwọ́lù kò sọ ọ́ di nǹkan mìíràn. Salvador Dalí, gbajúmọ̀ ayàwòrán ọmọ Spain, fúnra rẹ̀ buwọ́ lu ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé tí kò sí nǹkan kan lórí wọn, títí di òní ni wọ́n sì ń jìyà rẹ̀ nínú òwò yìí.

Olùbéèrè:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo bi í bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Kò dáhùn ti irin àti igi, ó kàn ní ìwé ẹ̀rí wà, tó ní òǹtẹ̀ aláwọ̀ wúrà.

Àgbà Òǹràwòrán:
Ta ló buwọ́ lu ìwé ẹ̀rí ọ̀hún? Ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lè lẹ òǹtẹ̀ wúrà mọ́ ìwé. Èyí tó ní láárí ni èyí tí ayàwòrán fúnra rẹ̀, tàbí gálárì tó ń bá a tajà, tàbí ẹni tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí onímọ̀ lórí iṣẹ́ rẹ̀ bá buwọ́ lù. Kó dárúkọ iṣẹ́ náà, ọdún rẹ̀, ohun tí wọ́n fi ṣe é, gígùn àti fífẹ̀ rẹ̀, kí fọ́tò rẹ̀ sì wà níbẹ̀.

Bó bá wá jẹ́ iṣẹ́ àtijọ́ tí ẹni tó ṣe é ti kú, àwọn ọwọ́ tó ti gbà kọjá lẹ máa tọpasẹ̀: ta ló kọ́kọ́ rà á, ta ló tà á fún ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí, rìsíìtì dà? Kódà wọ́n lè hun ìtàn yẹn náà. Wolfgang Beltracchi, ọmọ Jámánì tó ń ya ayédèrú, àti ìyàwó rẹ̀ sọ pé bàbá àgbà ìyàwó ló fi àwọn àwòrán sílẹ̀ fún àwọn. Kí ó lè jọ òótọ́, ìyàwó múra bí ìyá àgbà rẹ̀, ó jókòó síwájú àwọn àwòrán náà, wọ́n sì yà á sórí ìwé fọ́tò àtijọ́. Ọ̀dà ló tú àṣírí wọn. Nínú àwòrán tí wọ́n ní ayàwòrán Heinrich Campendonk yà ní 1914, wọ́n bá ọ̀dà funfun tó ní titanium, bẹ́ẹ̀ ọ̀dà yẹn kò tíì dé ọjà nígbà náà. Ilé ẹjọ́ ní ìlú Cologne rán Beltracchi lẹ́wọ̀n ní 2011. Ọdún yẹn náà ni gálárì Knoedler ní New York, tó ti wà láti 1846, kógbá sílé. Ayédèrú ti pọ̀ lára ohun tó tà, lára ọ̀kan wọ́n kọ orúkọ ayàwòrán Jackson Pollock ní “Pollok”. Àwọn tó ń rà wọ́n sì jẹ́ olówó tó ní agbẹjọ́rò o.

Fún iṣẹ́ tó ti gba ọ̀pọ̀ ọwọ́ kọjá, ẹ tún wo ID-Art, ohun èlò orí fóònù tí Interpol, àjọ ọlọ́pàá àgbáyé, gbé jáde ní 2021. Ọ̀fẹ́ ni, iṣẹ́ tó lé ní 50,000 tí wọ́n jí gbé ló sì wà nínú àkójọ wọn.

Oníṣirò Owó:
Mo fẹ́ fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ ìlọ́po méjì yẹn. Ẹ ní kí ọkùnrin náà kọ ọ́ sínú ìwé, kó buwọ́ lù ú, pé bó bá di ọdún méjì òun á rà á padà ní ìlọ́po méjì. Ẹ máa rí bí ohùn rẹ̀ á ṣe yí padà.

Àwòrán kì í bí èlé. Bí ẹ bá fẹ́ tà á ní gbàǹjo, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tà á máa san tiyín, ẹni tó rà á náà á san owó ilé gbàǹjo lé iye tí wọ́n lu òòlù sí. Ní ọ̀pọ̀ àwọn ilé ńlá, ó máa ń lé ní ìdá kan nínú márùn-ún. Àwọn tó sì pọ̀ jù nínú àwọn ayàwòrán tó wà láyé, kò sí ibi tí wọ́n ti ń tún iṣẹ́ wọn tà rárá. Owó tí ẹ kò ní nílò mọ́ ni kí ẹ fi rà á.

Olólùfẹ́ Ère:
Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ lẹ sọ, èyí tó bá ṣáà wu ènìyàn ni kó rà.

Àgbà Òǹràwòrán:
“Èyí tó bá wù ọ́” yẹn kò tó. Ohun tó ń wu ẹni tó ti rí àwòrán mẹ́wàá yàtọ̀ sí ohun tó ń wu ẹni tó ti rí ẹgbẹ̀rún. Ẹ máa lọ sí ibi àfihàn, pàápàá ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń parí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà, kí ẹ máa wò láìra.

Herbert àti Dorothy Vogel ní New York, ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́, èkejì ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkàwé. Owó oṣù ìyàwó ni wọ́n fi ń jẹun, ti ọkọ ni wọ́n fi ń ra iṣẹ́ ọnà. Òfin wọn kò ju pé kí agbára wọn ká a, kó sì gba inú ilé wọn kékeré. Gbogbo ìgbà ni wọ́n wà ní ibi iṣẹ́ àwọn ayàwòrán, wọ́n ń wò, wọ́n ń béèrè. Wọ́n kó ohun tó lé ní 4,000 jọ, kì í sì ṣe nítorí èrè. Ní 1992 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó lára wọn fún National Gallery of Art, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé iṣẹ́ ọnà ní Washington.

Ayàwòrán:
Ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ tèmi. Bí ẹni tó yà á bá wà láyé, ẹ kọ̀wé sí i tààrà, ẹ fi fọ́tò ohun tí wọ́n ń tà fún yín hàn án. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló máa gbà á láti sọ pé “tèmi ni” tàbí “n kò mọ̀ ọ́n.” Bí owó kò bá tó, ẹ bèèrè bóyá ẹ lè san án díẹ̀díẹ̀, tàbí kí ẹ ra iṣẹ́ orí ìwé tó kéré, èyí sàn ju kí ẹ máa já owó lulẹ̀ títí ojú á fi pọ́n. Bó bá ní gálárì tó ń ṣojú fún un, ẹ má gba ẹ̀yìn wọn kọjá. Wọ́n sábà máa ń mú tó ìdajì, lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn ló ń gbé orúkọ rẹ̀ kiri.

Ẹ sì rántí pé ohun ara ògiri nìkan lẹ rà. Ẹ̀tọ́ láti tẹ̀ ẹ́ sára aṣọ tàbí ife ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tó yà á, àyàfi bó bá fi ìwé gbé e sílẹ̀.

Olùbéèrè:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo kọ̀wé sí ọkùnrin ìlọ́po méjì pé kó buwọ́ lu àdéhùn ìràpadà. Ó ní wọ́n ti rà á. Wákàtí kan lẹ́yìn náà, ọjà náà ṣì wà níbi tó gbé e sí.

Ti odò ìrọ̀lẹ́, fídíò ti dé. Ọ̀dà búlúù ti ṣàn sí etí rẹ̀ méjèèjì, orúkọ àti ọdún wà lẹ́yìn, ayàwòrán náà fúnra rẹ̀ sì ti dá mi lóhùn pé òun ló yà á. A ti jọ gbà pé ẹ̀ẹ̀mejì ni màá san án. Ògiri tó kọjú sí fèrèsé ni mo fẹ́ gbé e kọ́, ṣé ó dáa?

Onífíréèmù:
Kò dáa tí oòrùn bá ń dé ibẹ̀. Àwọ̀ tí oòrùn bá ti pa kì í jí mọ́. Àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé máa ń dín ìmọ́lẹ̀ kù sí bíi lux 50 (lux ni wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀) fún iṣẹ́ orí ìwé, ti ọ̀dà olóròóró lè tó 200. Ojú fèrèsé kọjá ìyẹn dáadáa. Ẹ wá ògiri inú tí kò gba ọ̀rinrin, tó sì jìnnà sí ibi ìdáná. Ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ láàárín ẹ̀yìn rẹ̀ àti ògiri kí atẹ́gùn lè máa gbabẹ̀ kọjá. Ẹ má fi omi nù ún, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbígbẹ ti tó. Ẹ bi ayàwòrán náà pé ìgbà wo ló yà á, torí ọ̀dà olóròóró tuntun lè gbà tó oṣù mẹ́fà sí ọdún kan kó tó gbẹ dé inú, fíréèmù onígíláàsì kò sì gbọdọ̀ kàn án.

Bó bá dé, ẹ ya páálí rẹ̀ ní fọ́tò kí ẹ tó já a, kí ẹ sì tún ya àwòrán náà níwájú àti lẹ́yìn lọ́jọ́ náà gan-an. Bí nǹkan bá ti ṣe é lọ́nà, fọ́tò yẹn ni wọ́n máa kọ́kọ́ bi yín léèrè.