Irin tí wọ́n wé mọ́ òpó afárá àtijọ́, kí ló dé tí kò kanlẹ̀?

Ọmọ Ìlárá (LA): Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Abẹ́ fríwèè kan ni mò ń gbà lọ síbi iṣẹ́ ní Los Angeles níbí, irin ni wọ́n fi wé gbogbo òpó kọnkéré rẹ̀ yíká, àmọ́ irin náà ò kanlẹ̀, àlàfo bí ìka méjì wà nísàlẹ̀. Ṣé wọn ò ṣe é parí ni? Ọmọ mi ń bẹ nínú mọ́tò, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ríri yìí ń já mi láyà.

Bẹ́ńdà Àgbà: Fọkàn balẹ̀ àbúrò, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ ni. Kọnkéré inú ló ń gbé ẹrù afárá, iṣẹ́ irin yẹn ni kó fún un mọ́ra kó má bàa bẹ́. Tó bá kanlẹ̀, bí òpó bá ti ń fì, etí irin á máa gún ìpìlẹ̀. Ríǹgì, ìyẹn irin tí wọ́n fi ń di irin òòró inú òpó yíká, gan-an ló dá wàhálà sílẹ̀. Àwọn òpó tí wọ́n dà ṣáájú ilẹ̀ ríri San Fernando ti 1971, nítòsí Los Angeles níbẹ̀, irin ìdajì ínǹṣì ni wọ́n fi ṣe ríǹgì wọn, ínǹṣì 12 ni wọ́n sì fi jìnnà síra, ẹni tó bá ti di irin rí á mọ̀ pé ìyẹn ti fẹ̀ jù! Ilẹ̀ á mì, kọnkéré ẹ̀yìn á ré dànù, ríǹgì á tú, irin òòró á tẹ̀ síta, ó bùṣe. Ni wọ́n ṣe ń gbé irin abala méjì bò ó, wọ́n á jó o pọ̀, wọ́n á wá rọ sìmẹ́ńtì olómi sí àárín.

Ìyá Oakland: Bọ̀dá, afárá Cypress alájà méjì ti ọ̀dọ̀ wa níbí ńkọ́? Ṣebí wọ́n ti fi okùn irin so ó kí ilẹ̀ tó mì ní 1989, síbẹ̀ àjà òkè wó lu tìsàlẹ̀, èèyàn 42 ló kú, ó ṣì ń dùn wá.

Bẹ́ńdà Àgbà: Ẹ ṣeun mà, Ọlọ́run á tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere. Lóòótọ́ ni. Ní 1971, ńṣe ni afárá ń yọ̀ kúrò lórí ibi tó jókòó sí, ìyẹn ni wọ́n fi kọ́kọ́ fi okùn irin so oríkèé wọn pọ̀, wọn ò fọwọ́ kan òpó. Oríkèé òpó ló sì já ní Cypress, kí ni okùn fẹ́ ṣe sí ìyẹn? Nígbà tí ilẹ̀ mì ní Northridge, ní Los Angeles níbẹ̀, ní 1994, àwọn tí wọ́n ti wé ní irin dúró digbí, Santa Monica Freeway ní La Cienega tí wọn ò tíì wé òpó rẹ̀ ló wó.

Ọmọ Ìlárá (LA): Ẹ ṣé gan-an ẹ̀gbọ́n. Mo rí òpó onígun mẹ́rin kan tí irin tiẹ̀ rí roboto bí ẹyin, ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn?

Bẹ́ńdà Àgbà: Bẹ́ẹ̀ ni. Irin pẹrẹsẹ máa ń wú síta láàárín tí kọnkéré bá tì í, èyí tó tẹ̀ roboto ló ń fún òpó mọ́ra yíká.