Mo ti ra sípíkà náà o: àbọ̀ rèé

Ẹ kú àdúrótì. Lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni mo béèrè sípíkà kékeré tí kò ní gbọ́n àpò mi gbẹ, tí mo lè fi máa gbọ́ orin ọ̀kẹ́sírà ní pálọ̀. Edifier R1280T ni mo rà, tòkunbọ̀, ara ọ̀kan ti bó díẹ̀. Anpilifáyà (ẹ̀rọ tó ń fún ohùn lágbára) wà nínú rẹ̀, kò sí ìnáwó mìíràn.

Lálẹ́ ọjọ́ kìíní, ẹkún ló kù. Mo tì í mọ́ ògiri, ni ohùn ìsàlẹ̀ bá ń kù rìrì bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú àmù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí n fà á síwájú, kí n gbé e dé ìwọ̀n etí, ẹ ṣé gan-an. Búlọ́ọ̀kù mẹ́rin ni mo fi àdìrẹ ògbólógbòó wé, mo gbé e lé e. Fáólìn wá já geere. Mo ń gbọ́ bí ọ̀pá ṣe ń ha okùn (tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bá ti sinmi).

Ṣé gbogbo rẹ̀ ló pé? Rárá. Okùn tó nípọn jù lára dọ́bù béèsì (ìbátan fáólìn tó tóbi jù, tí ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ jù) ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 41 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Sípíkà oníǹṣì mẹ́rin ò lè gbé ìyẹn. Òjìji rẹ̀ ni mò ń gbọ́. Sọ́ọ̀bù-wúfà (sípíkà tó wà fún ohùn ìsàlẹ̀ nìkan) tẹ́ ẹ ní kí n fi kún un, mi ò rà á. Ìbéèrè mi ti parí.