Láptọ́ọ̀pù tó ń pẹ́ kó tó jí: RAM la máa rà ni àbí SSD?

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, Leeds: Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Láptọ́ọ̀pù kan fẹ́ lọ sí Àgọ́-Ìwòyè fún ọmọ iléèwé, ó sì gbọ́dọ̀ délé kí Òjúde Ọba tó dé. Windows 10, RAM (ibi tí ẹ̀rọ ń kó ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) 4GB. Bí a bá tàn án, ó ń tó ìṣẹ́jú 4 kó tó ṣeé lò. RAM ni ká rà ni àbí SSD, dísìkì tó yára?

Ọmọ Ṣàgámù, Manchester: Àbúrò, má tíì náwó. Tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, kí o wo Startup nínú Task Manager. Lókè lọ́wọ́ ọ̀tún, wàá rí Last BIOS time. Bí ó bá tó ìṣẹ́jú àáyá 30, ẹ̀bi Windows kọ́ nìyẹn: ó ṣeé ṣe kí BIOS (ètò tó kọ́kọ́ ń jí nínú ẹ̀rọ kí Windows tó dé) máa wá fláàṣì tàbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kiri kó tó yà sọ́dọ̀ dísìkì. Wọ BIOS, gbé dísìkì síwájú nínú Boot Order (ibi tí yóò kọ́kọ́ wò). Bí kò bá ju 10 lọ, ibòmíì ni kí o wò.

Níbẹ̀ náà, tẹ ohun tí wọ́n kọ High sí, kí o yan Disable. Kò ní pa á rẹ́, kò kàn ní máa dìde fúnra ẹ̀ mọ́ ni. Má fọwọ́ kan antivirus.

Ẹ̀gbọ́n Ìjẹ̀bú-Òde, Houston: Lẹ́yìn náà, lọ sí Performance. Bí Disk bá wà ní 100% tí CPU (ọpọlọ ẹ̀rọ) sì jókòó jẹ́jẹ́, HDD, ìyẹn dísìkì àtijọ́ tó ń yí, ló ń dá a dúró. Fáìlì kéékèèké lọ́pọ̀ yanturu ni Windows ń kà bó bá ń jí, HDD kò sì lè mú ju nǹkan bí 100 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí apá tó ń ka fáìlì nínú ẹ̀ gbọ́dọ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ ìkọ̀ọ̀kan. SSD kò ní apá tó ń rìn. Ká máa ra RAM nígbà tó jẹ́ pé dísìkì ló ń fà á sẹ́yìn, ìyẹn ni fífi ète sílẹ̀ pa làpálàpá.

SSD SATA (irú ìsopọ̀ dísìkì) 2.5 inch, tó nípọn 7mm, ni kí o rà.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, Leeds: Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. HDD 500GB ló wà nínú ẹ̀. Ṣé mo lè fi Clonezilla, ètò tó ń ṣe ẹ̀dà dísìkì, da gbogbo ẹ̀ sórí SSD 480GB?

Ẹ̀gbọ́n Ìjẹ̀bú-Òde, Houston: Á kọ̀. Dísìkì tuntun kò gbọdọ̀ kéré ju ti àtijọ́ lọ, bí ohun tó wà nínú ẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ 60GB péré. Ṣùgbọ́n èmi ò ní dà á rárá: ẹlòmíì ló ń gbà á, ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ ṣì wà nínú ẹ̀. Da àwọn fáìlì rẹ sí ibòmíì, kí o fi Windows tuntun sí i láti orí fláàṣì 8GB. Pa á pátápátá, yọ wáyà àti bátìrì kí o tó ṣí ìdí ẹ̀.

Ọmọ Ṣàgámù, Manchester: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí pé Microsoft ti dáwọ́ àtìlẹ́yìn Windows 10 dúró ní October 14, 2025. Bí ẹ̀rọ náà kò bá ní TPM 2.0 (ẹ̀yà ààbò inú ẹ̀rọ), kò yẹ fún Windows 11. Linux Mint Xfce, ètò mìíràn tí a lè fi rọ́pò Windows, máa ń fara balẹ̀ ṣiṣẹ́ lórí 4GB.

Kí o wo bátìrì náà. Bí kò bá gba iná dúró mọ́, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá múná lọ ni ẹ̀rọ á kú lójijì, tí Windows sì lè máa yẹ dísìkì wò nígbà tó bá tún jí. Pààrọ̀ ẹ̀. Kí o sì fi fláàṣì tí o fi ṣe é sínú àpò ẹ̀, kí ọmọ náà má baà máa fi dátà gba GB mélòó kan sílẹ̀ bí ètò inú ẹ̀rọ bá bàjẹ́.